Òróró Àdúrà Nínú Ìbọn Mi

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mò ń fi í pamọ́: mo ní ìbọn. Ọlọ́pàá ló fún mi níwèé àṣẹ rẹ̀. Inú àpótí irin tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ni mo máa ń tì í mọ́, kọ́kọ́rọ́ àpótí náà kò sì sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn àfi èmi. Opó ni mí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni mí, mo sì máa ń yìnbọn lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ fẹjọ́ sùn. Wọ́n kúkú ti fẹjọ́ mi sùn rí, ohun tó sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni mo fẹ́ sọ.

Mi ò fi ìbọn mi pa ẹran, mi ò fi pa ẹyẹ. Àwo amọ̀ ni à ń yìn ín sí, àwo pẹlẹbẹ kan tí kò tó ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀rọ ló máa ń jù ú sójú ọ̀run, ìwọ á sì gbìyànjú láti fọ́ ọ kó tó balẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó jù ú, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pariwo. "Pull!" ni wọ́n máa ń ké. Ariwo yẹn ló gbé mi débẹ̀, kì í ṣe ìbọn.

Nígbà tí ọkọ mi kú, mi ò ríbi ké. Àwọn ilé wa ní Alibon, ní ìlà oòrùn London níbí, so mọ́ra wọn. Bí aládùúgbò bá sín, o lè kí i pẹ̀lẹ́ láti orí ibùsùn rẹ. Bí mo bá fi ohùn ilé wa sunkún níbẹ̀, ọlọ́pàá á ti máa kanlẹ̀kùn kí omijé mi tó gbẹ. Màmá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ọmọ wọn kan ṣoṣo ló kú. Mi ò fẹ́ ké lójú Ìyá, Ìyá náà kò sì fẹ́ ké lójú mi. Ńṣe la kàn ń gbé oúnjẹ fún ara wa. Mo gbé igbe náà mì, mo ń gbé e káàkiri Barking lórí àga awakọ̀, mo sì ń sọ fún àwọn èrò pé kí wọ́n di nǹkan mú.

Obìnrin òyìnbó kan tí a jọ ń wakọ̀ ló kíyè sí mi. Kò da ìbéèrè bò mí. Ó kàn ní kí n tẹ̀ lé òun lọ́jọ́ Sátidé, pé ibì kan wà tí èèyàn ti lè pariwo. Ó gbé mi lọ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú, níhà Essex. Wọ́n bò mí létí, wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa dúró, wọ́n gbé ìbọn lé mi léjìká. Nígbà tó kàn mí láti ké, mo la ẹnu, ṣùgbọ́n ohun tó jáde kì í ṣe "pull". Orúkọ ọkọ mi ni. Ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ ju àwo náà síbẹ̀síbẹ̀. Ọta mi kò tilẹ̀ kọjá lẹ́bàá rẹ̀, àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sun àsùnwọra fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti sin ín.

Ọdẹ ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi ni mo máa ń bá a nu ìbọn, èmi ni mo máa ń gbé àpò ọdẹ rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Bí mo bá gbé e léjìká pẹ́nrẹ́n, á já a gbà, á ní, "Obìnrin kì í gbé ìbọn. Ìbọn ló máa ń gbé obìnrin ṣubú." Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Bí òkú bá ń gbọ́ràn, kó gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé ìbọn, kò sì tíì ṣubú.

Nígbà tí ìwé àṣẹ mi jáde, mo ra ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan. Àlòkù ni, ó ti dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá èjìká mi mu bí ẹni pé wọ́n wọ̀n mí kí wọ́n tó ṣe é. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe ìdíje fún àwa obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, mo sì gba ife. Ife kékeré ni, omi inú rẹ̀ kò lè pa òùngbẹ ọmọ ọwọ́. Kí ni ọmọ Aládùúrà máa ń ṣe tó bá gba ife? Á gbé e lọ fún ìdúpẹ́, àbí kí ló tún kù?

Ní Rippleside ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, nínú gbọ̀ngàn kan láàárín ilé àwọn onítáyà àti ilé ìkẹ́rùsí kan. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo jó nínú aṣọ funfun mi dé iwájú pẹpẹ, mo gbé ife sókè. Gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Olùṣọ́ tó ń darí ìjọ wa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

"Sister, congratulations o! Ife kí lèyí? Ṣé best driver lẹ ṣe ni?"

"Rárá o, Bàbá Olùṣọ́. Ife ìbọn yínyìn ni."

Àtẹ́wọ́ náà dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jó padà sí àyè mi láìsí ìlù, mi ò sì jó kíá.

Lẹ́yìn ìsìn, Olùṣọ́ pe èmi àti Ìyá sí yàrá àwọn àgbà. "Sister, let us be honest," ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde. "Kí ni widow fẹ́ fi gun ṣe ní London? Ẹ̀mí kò gbà á. Ẹ dá a padà fún police."

Kí n tó dáhùn, Ìyá ti gba ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ni Ìyá Àdúrà ìjọ wa. Ìyá kì í pariwo, ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n.

"Ẹ̀mí wo nìyẹn, Bàbá Olùṣọ́? Kò tíì bá èmi sọ ọ́. Mo máa gbàdúrà sí ìbọn náà fúnra mi. Ohun tí a bá ti gbàdúrà sí, ti Ọlọ́run ni."

Bí wọ́n ṣe wí ni wọ́n ṣe. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé ìbọn jáde nínú àpótí, mo ṣí i, mo fi han Ìyá pé kò sí ọta nínú rẹ̀, mo sì dì í mú níwájú wọn. Ìyá kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ka sáàmù, wọ́n ṣí ìgò òróró ólífì tí wọ́n máa ń fi gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Mo rò pé wọ́n á fi ìka kàn án ni. Dídà ni Ìyá dà á. Wọ́n ní ibi tí iná ti ń jáde gan-an ni òróró gbọ́dọ̀ dé, nítorí kì í ṣe igi ara rẹ̀ ni èèyàn ń bẹ̀rù. Òróró náà wọ inú irin lọ, ó ń dún pọ́lọ́pọ́lọ́. Ìyá ń gbàdúrà lé e lórí: "Ọwọ́ rere ni kí o máa bọ́ sí. Ọwọ́ ìkà kò ní rí ọ gbé. Ọwọ́ rere ni kí o máa bọ́ sí títí ayé." Lẹ́yìn náà, wọ́n ya tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára aṣọ funfun wọn tó ti gbó, wọ́n so ó mọ́ ọrùn ìbọn náà ní kókó mẹ́ta.

Ṣé mi ò mọ̀ pé òróró náà pọ̀ jù ni? Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa dá Ìyá Àdúrà dúró láàárín àdúrà pé ó tó? Ẹni tó bá láyà, kó bọ́ síwájú. Mo nu ara ìbọn náà, èyí tó wọ inú rẹ̀ sì dúró síbẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí òtútù fi dé. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí koríko pápá ti funfun fún yìnyín, mo ké, àwo fò sókè, mo fa ìbọn, ó dún kẹ́. Mo tún fà á, ó tún dún kẹ́. Mo dúró bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo kọjú rẹ̀ sílẹ̀, mo ṣí i. Kò sóhun tó ṣe ọta. Ìbọn ló kọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní kí n fi tòun yìn, mo ní rárá. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi, igbe tí mi ò rí ké lọ́jọ́ náà sì dì sí mi lọ́fun.

Ìyá ló tú àṣírí, kò sì sí ibi tí wọ́n tú u sí ju àárín ìsìn lọ. Wọ́n dìde nígbà tí wọ́n ń gba ẹ̀bẹ̀ àdúrà, wọ́n ní, "Ẹ bá wa gbàdúrà, ìbọn ìyàwó wa kò dún mọ́." Ojú Olùṣọ́ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí iná NEPA bá dé.

Nínú yàrá àwọn àgbà, Olùṣọ́ ní, "Ọlọ́run ti dáhùn. Ó ti de ìbọn yẹn. Sister, it is finished. Ẹ gbé e fún police lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá kọ̀, a máa gba aṣọ funfun lọ́wọ́ yín, a sì máa ní kí Ìyá sinmi ná nínú iṣẹ́ àdúrà."

Ara mi gbóná. Kí wọ́n gba aṣọ tèmi, mo lè fara dà á. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gba àdúrà lẹ́nu ìyá tó ti sin ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo? Mo dìde dúró.

Mo ní, "Bàbá Olùṣọ́, mo gbọ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn náà ṣì wà. Mo máa fi ránṣẹ́ sí wọn. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n ní ó ti kú, mo gbà pé Ọlọ́run ló pa á. Màá dá ìwé àṣẹ mi padà, mi ò sì ní dé pápá yẹn mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún un ṣe tó dún, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ìbọn sí mi létí mọ́ nínú ilé yìí, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ipò Ìyá."

Olùṣọ́ gbà, àwọn àgbà sì jẹ́rìí.

Ọkùnrin tó ta ìbọn náà fún mi ni òfin fún láṣẹ láti fi í ránṣẹ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. Ó ní ìbọn ti dàgbà, pé àwọn tó ṣe é kò ní fẹ́ fi àkókò wọn ṣòfò, tuntun ni wọ́n á ní kí n rà. Mo ní kó ṣáà fi ránṣẹ́, kó sì fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀ka tó ń tún nǹkan ṣe.

Ẹni tó bá ń gbé ní ìlú yìí mọ ohun tí mò ń retí nígbà tí mo pè wọ́n. Ẹ̀rọ ló máa kọ́kọ́ dáhùn: tẹ ọ̀kan, tẹ méjì. Lẹ́yìn náà orin á dé. Lẹ́yìn orin, ẹnì kan á ní kí o tún orúkọ rẹ sọ, kí o tún un sọ, kí o wá pe lẹ́tà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà fóònù á já. Mo ti pọ́n ahọ́n mi sílẹ̀ de ìjà. Àfi bí obìnrin kan ṣe gbé e, èèyàn gidi, tó sọ pé ibi tí wọ́n ti ń tún ìbọn ṣe nìyí, kí lòun lè bá mi ṣe.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọ̀gbẹ́ni tó ń tún un ṣe."

Ó ní, "Èmi ni mo máa ń tún un ṣe."

Èmi tí mò ń bá bàbá mi jà lójoojúmọ́ nínú sàréè rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni ni mo bèèrè! Mo ní kó má bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bèèrè ọ̀gbẹ́ni náà lọ́wọ́ òun, òun náà ń wá a.

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ nípa ọkọ mi àti igbe mi, mo sọ ohun tí mo fi ẹnu ara mi ṣèlérí níwájú àwọn àgbà ìjọ. Kò kán mi lójú. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Mi ò lè ṣèlérí pé màá rí i tún ṣe. Ṣùgbọ́n mo ṣèlérí pé mi ò ní pè é ní òkú láìjẹ́ pé mo ti tú gbogbo ara rẹ̀ wò. Màá pè yín lọ́jọ́bọ̀."

Ó sì pè mí lọ́jọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá gbé London kò lè mọ bí èyí ti tóbi tó. Inú yàrá ìjẹun àwọn awakọ̀ ni mo wà, ìrẹsì mi wà níwájú mi. Mo sáré bọ́ síta.

Ó ní, "Mo ti tú u. Kò sí irin kankan tó kán. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò rí rí nínú ìbọn, ó dì bí oyin ọjọ́ pípẹ́. Òróró wo lẹ ń fi sí i?"

Mo lè parọ́. Mo lè sọ pé báyìí ni mo ṣe rà á. Ó kù díẹ̀ kí ojú tì mí, mo bá bi ara mi pé: nítorí kí ni? Ṣé ìyá tó gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ ló yẹ kó máa fi ojú pamọ́? Mo gbé orí sókè láàárín àwọn bọ́ọ̀sì tó ń wọlé.

Mo ní, "Òróró ólífì ni. Òróró àdúrà ni. Ìyá ọkọ mi ló dà á sí i, wọ́n sì fi gbogbo ọkàn wọn dà á."

Mo dúró de ẹ̀rín. Ẹ̀rín kò wá. Ó ní, "Ó yé mi wàyí. Ẹ sọ fún Ìyá pé wọn kò ba nǹkan kan jẹ́. Irú òróró yẹn máa ń dì tó bá pẹ́ nínú irin, òtútù sì tún mú un le sí i. Mo ti fọ gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá tún fẹ́ gbàdúrà sí i, ara igi ni kí wọ́n fi sí, ìka kan péré. Igi fẹ́ràn òróró." Ó tún ní, "Aṣọ funfun kan wà tí wọ́n so mọ́ ọn. Mi ò tíì tú u. Mo fẹ́ kí ó jìnnà díẹ̀ sí ibi tí ìka ń fà, kó má baà há. Ṣé ó ní ibi tó gbọ́dọ̀ wà? Ṣé mo lè fọwọ́ kàn án?"

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Mo ti kó ọfà lọ́wọ́ láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Obìnrin tí mi ò rí rí yìí bi mí léèrè bóyá òun lè fọwọ́ kan àkísà Ìyá, mo sì fara ti ògiri gáràájì, mo bú sẹ́kún. Ó dúró lórí fóònù títí mo fi nu ojú. Mo ní màá bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó so ó.

Bó ṣe di dandan kí n sọ fún Ìyá nìyẹn. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà ní ìdáná. Mo sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n gbé àwo ẹ̀wà náà kúrò lórí itan wọn.

"A jẹ́ pé èmi ni mo dè é," ni Ìyá wí.

"Ìyá, kò bàjẹ́. Ó ti fọ̀ ọ́."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí Olùṣọ́ bá mọ̀, á ní òróró mi ló ṣe ohun tí òun wí. Á ní àwọn òyìnbó ló lọ tú ohun tí Ọlọ́run dè."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní a kò ní sọ ọ́, a ó kàn ní wọ́n ti tún un ṣe, ó parí. Ìyá wò mí títí.

"Kí ni o tiẹ̀ ń ké níbẹ̀ gan-an, nígbà tó o bá gbé ìbọn yẹn sókè?"

Mi ò tíì sọ fún wọn rí. Mo ní, "'Pull' ni wọ́n ń ké, Ìyá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ ni mo ké. Mo ṣì ń ké e nínú mi."

Omi ọbẹ̀ ń hó, kò sẹ́ni tó pa iná rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Sọ fún obìnrin yẹn pé kó tú u, kó so ó síbi tó bá rí i pé ó dára. Nígbà tí ìbọn bá dé, ìwọ náà gbé mi lọ síbẹ̀."

Ìbọn dé. Níwájú ọkùnrin tó tà á fún mi, mo ṣí i, mo pa á dé, ó dún kọ́ bí ilẹ̀kùn ọlọ́rọ̀. Ọkùnrin náà ní òun kò rò pé wọ́n á ṣe wàhálà tó báyẹn lórí ìbọn àtijọ́. Mo ní, "Ẹ ò rò ó, àmọ́ èmi rò ó." Aṣọ funfun náà ti wà nísàlẹ̀ ìdí igi rẹ̀. Ìyá yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ń wo kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin náà ti wo bí wọ́n ṣe so ó kó tó tú u, bẹ́ẹ̀ náà gẹ́lẹ́ ló tún un so.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá dúró lẹ́yìn mi ní pápá, pẹ̀lú kóòtù ńlá àti ohun ìbòtí tó bo gèlè wọn mọ́lẹ̀. Mo ti bẹ ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ pé ohùn màmá yìí ni kó dúró dè. Mo gbé ìbọn sí èjìká. Mo ní, "Ó yá, Ìyá."

Wọ́n ké orúkọ ọmọ wọn. Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí, àní lọ́jọ́ tí a sin ín pàápàá. Àwo fò, ìbọn dún gbàù, àwo sì di lẹ́búlẹ́bú. Ìyá ní, "Ó tún yá." A ṣe é títí ohùn fi há mọ́ wọn lọ́fun.

Ohùn tó há náà ni wọ́n gbé lọ sí yàrá àwọn àgbà lọ́jọ́ kejì. Olùṣọ́ bi mí bóyá wọ́n rí i tún ṣe. Mo ní wọ́n tún un ṣe, ó sì dún. Olùṣọ́ ní kí ló ṣe é. Mo la ẹnu pé mo fẹ́ sọ pé ó gbó díẹ̀ ni, Ìyá sì gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún.

"Òróró mi ló dì nínú rẹ̀."

Olùṣọ́ lu itan. "Ẹ ò rí i! Anointing ló dè é! Mo ti sọ ọ́!"

"Bàbá Olùṣọ́, ta ló da òróró yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Rárá o."

"Nígbà náà, ẹ má bá mi túmọ̀ àdúrà mi. Mi ò ní kí Ọlọ́run dè é. Mo da òróró jù ni, àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọwọ́ mi ló ṣe é, ẹ má gbé e ka Ọlọ́run lórí. Kó máa bọ́ sí ọwọ́ rere, ohun tí mo gbàdúrà nìyẹn. Ó sì bọ́ sí i. Ó bọ́ sí ọwọ́ obìnrin kan tí kò mọ̀ wá rí. Ó fọ̀ ọ́, kò fi wá ṣẹ̀sín, ó sì bèèrè bóyá òun lè fọwọ́ kan aṣọ àdúrà mi kó tó kàn án. Nínú ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bọ́ aṣọ lọ́rùn ìyàwó ọmọ mi, ta ló bi mí léèrè?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ń wo èékánná rẹ̀. Agogo ìsìn lù, gbogbo wa sì jáde.

Ìyá ló ṣáájú àdúrà lọ́jọ́ náà, nítorí kò sẹ́ni tó gba ipò wọn. Nígbà tó kan ẹ̀bẹ̀ fún àwọn olóore, wọ́n kúnlẹ̀, gbogbo ìjọ kúnlẹ̀. Wọ́n dárúkọ obìnrin náà. Mo mọ orúkọ ọ̀hún, mi ò ní kọ ọ́ síbí, tiwa ni. "Arábìnrin wa yìí," ni ohùn tó há náà wí, "ẹni tó tún ìbọn ìyàwó wa ṣe. Kí ọwọ́ rẹ̀ má ṣe rọ. Kí ojú rẹ̀ má ṣe ṣú. Kí òun náà máa bọ́ sí ọwọ́ rere níbi gbogbo tó bá pè."

Wọ́n ní kí èèyàn di ojú tó bá ń gbàdúrà. Èmi la ojú, nítorí ó wù mí kí n rí i. Olùṣọ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ojú rẹ̀ dì, iwájú orí rẹ̀ kanlẹ̀.

Ètè rẹ̀ mì. Ó ṣe àmín.